Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ Sípáníìṣì, kí ló ń jẹ́ kó dùn mọ́ yín?

ÌyáBọ́lú_Alágbàká

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àkúrẹ́ ni mo wà, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe ní Alágbàká, ìfẹ̀yìntì ò sì jìnnà mọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ń gbé ní Valencia, lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Ibẹ̀ ló ti gbéyàwó, wọ́n sì ti bí ọmọ-ọmọ fún mi. Àna mi obìnrin, ìyẹn ìyá ìyàwó ọmọ mi, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Tá a bá pe ara wa lórí fídíò, èmi á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ọmọ mi á máa túmọ̀. Tí ọmọ mi bá wá lọ gbé nǹkan ní kíṣínnì, a ó tún máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè wọn lórí áàpù nìyẹn. Ó ń dùn mọ́ mi níbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, bí ẹni ń san gbèsè ni. Alaalẹ́ ni fóònù ń dún pé mi ò tíì ṣe tòní, tí mo bá sì ṣí i, á ní kí n sọ pé ológbò ń mu wàrà. Ta ni mo fẹ́ bá sọ ìyẹn?

Mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀ o. Mi ò sì béèrè bí màá ṣe yára gbọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí lẹ̀ ń ṣe tó fi ń wù yín láti padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì?

Ọmọ_Ẹkímọgùn

Mama, ẹ kú oríire ọmọ-ọmọ. Ẹ pa agogo tó ń dún nínú fóònù yẹn ná. Mò ń bọ̀, mo wà lójú ọ̀nà.

Àǹtí_Tẹ́lọ̀_Oǹdó

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Aṣọ ni mò ń rán ní Òde-Oǹdó níbí, èmi ò sì mọ áàpù kankan. Fídíò ìránṣọ ni mò ń wò lórí YouTube. Àwọn obìnrin ará Mẹ́síkò àti Kòlóḿbíà pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì mọ pátánù gé, mi ò ní purọ́ fún yín. Nítorí kọ́là kan tí oníbàárà mi ní kí n rán ni mo fi débẹ̀. Kì í ṣe nítorí èdè.

Ẹ wo bó ṣe ń rí. Obìnrin náà á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, á ní “doblamos la tela por la mitad”, á sì ká a sí méjì lójú yín. Á mú sísọ́ọ̀sì, á ní “cortamos”, ó ti ń gé e nìyẹn. Ó ní “manga”, ó gbé apá aṣọ sókè. Ó ní “cintura”, ó fi téèpù wé ìbàdí. Píìnì wà láàárín ètè rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, síbẹ̀ ẹ gbọ́ ọ, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ń túmọ̀ ohun tẹ́nu rẹ̀ ń sọ. Lọ́jọ́ tó ní “planchamos”, mi ò tíì ronú tí mo fi ń wo ibi tí áyọ́ọ̀nù mi wà.

Bí mo ṣe mọ nọ́ḿbà náà nìyẹn. Ínǹṣì làwa ń lò, sẹ̀ǹtímítà ni tiwọn. Ẹ̀yìn téèpù tá ò kì í wò, mo yí i padà, tó bá ti ní “noventa y dos”, mo fi ìka sí 92. Ó ní “ciento cuatro”, mo fi ìka sí 104. Tí ìka mi bá ṣìnà, aṣọ á sọ fún mi.

Ẹ̀yin náà, kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe, mà? Ẹ tẹ “cómo hacer” sínú YouTube, kẹ́ ẹ fi orúkọ nǹkan náà tẹ̀ lé e. Ìbéèrè “báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é” nìyẹn. Ẹ ò ní rántí pé ẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́.

ÌyáBọ́lú_Alágbàká

Áà. Èmi mọ oúnjẹ sè o, mo sì ní ọgbà díẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Èyí wọ̀ mí lára.

Tísà_Àgbà

Èdè ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ò ní sọ fún yín, torí kì í ṣe ọmọ Yorùbá ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Fáwẹ̀lì márùn-ún ni Sípáníìṣì ní: a, e, i, o, u. Ohùn kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, kì í yí padà láàárín ọ̀rọ̀. Òyìnbó tó bá ń kọ́ ọ á máa fa “o” títí á fi di “óù”, olùkọ́ á sì máa bá a jà. Ẹ̀yin ò ní ìjà yẹn jà. Bí wọ́n bá sì ṣe kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ ó ṣe kà á, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀: “h” ò ní ohùn, “j” dà bí “h” tó ti ọ̀nà ọ̀fun wá, “ll” dà bí “y” wa lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú wọn, “b” àti “v” ò sì yàtọ̀ síra. Àwa tí a ò ní “v”, “f” la máa ń fi rọ́pò rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. “B” ni kẹ́ ẹ fi pe Valencia.

Ibi tí ẹsẹ̀ wa ti máa ń kọ ni “p”. Ètè àti ẹ̀yìn ọ̀fun la fi ń pe tiwa pọ̀. Tẹ́ ẹ bá pe “papá” bí ẹ ṣe ń pe “pàápàá”, àna yín á kàn máa wò yín ni. Ètè nìkan ni kẹ́ ẹ lò, láìfẹ́ atẹ́gùn jáde bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Àmì tẹ́ ẹ rí lórí “á” yẹn kì í ṣe àmì ohùn o, ibi tí wọ́n ti ń tẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ló ń fi hàn. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá kà á bí ohùn òkè, kò ní jìnnà. Ó sì ṣe pàtàkì: “papá” ni bàbá, “papa” ni Póòpù.

Kí n fi èyí kún un. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì á fi odindi orí kan ṣàlàyé “ser” àti “estar” torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Àwa ní “ni”, a ní “jẹ́”, a ní “wà”. “Soy maestro”, tísà ni mí. “Estoy en Akure”, Àkúrẹ́ ni mo wà. Níbi tẹ́ ẹ bá ti máa sọ “wà”, ẹ mú estar. Níbi tẹ́ ẹ bá ti máa sọ “ni” tàbí “jẹ́”, ẹ mú ser. Ẹ ó gbà á lọ́pọ̀ ìgbà.

Kọ́lá_FUTA

Ẹ ṣeun, sà. Àmọ́ kí wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ayẹyẹ, ser ni, kódà tó bá jẹ́ ibi tó ti máa wáyé lẹ̀ ń sọ: “La boda es en Akure”, Àkúrẹ́ ni ìgbéyàwó náà. Àti pé ẹni tó ti kú, estar ni wọ́n ń lò fún un: “está muerto”. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ pé ohun tí ò ní pẹ́ lọ ni estar wà fún, ìyẹn á dà á láàmú.

Tísà_Àgbà

O káre, àbúrò. Nítorí irú yín ni mo ṣe sọ pé “lọ́pọ̀ ìgbà”.

Balógun_Bọ́ọ̀lù

Ẹni tí ò bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, kó fo tèmi. Ibi tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Ìjọ̀kà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ka eré, ariwo sì máa ń bo gbogbo rẹ̀. Ohun tí mò ń ṣe ni pé tí Sevilla tàbí Villarreal bá ń gbá, mo máa ń gbé íápíìsì kan sétí, kí n ṣí rédíò Sípéènì lórí fóònù. Radio Nacional de España, ọ̀fẹ́ ni, kì í jẹ dátà tó fídíò.

Bọ́ọ̀lù dára fún ẹ̀kọ́ torí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń tún sọ fún odindi 90 ìṣẹ́jú. “Falta” ni fáọ̀lù, “saque de esquina” ni kọ́nà, “fuera de juego” ni ọ́fúsáìdì, “portero” ni gólí. Tí wọ́n bá ní “tarjeta amarilla”, ẹ ti mọ̀ pé ẹnì kan ti gba káàdì yẹ́lò, kódà kẹ́ ẹ má wo tẹlifíṣọ̀n. Ìkìlọ̀ kan ni pé wọ́n ń sáré sọ̀rọ̀. Ẹ má retí pé ẹ ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù á máa fi ibi tí bọ́ọ̀lù wà hàn yín.

Àwọn tiwa náà ti fi ẹsẹ̀ kọ́ Sípáníìṣì rí o. Mutiu Adepoju ti Ìbàdàn, Racing Santander àti Real Sociedad. Finidi George, Real Betis. Asisat Oshoala, Barcelona. Tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lédè yẹn, ẹ lọ tẹ́tí sí i. Etí ọmọ Nàìjíríà máa ń gbọ́ Sípáníìṣì ọmọ Nàìjíríà kíá.

Mummy_Ìjàpọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá sọ gírámà di ọ̀tá. Èmi ò lè jókòó ti fídíò aṣọ, bọ́ọ̀lù ò sì kàn mí. Ohun tó ń dùn mọ́ mi ni kí n jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kí n fa ìlà sínú ìwé, kí n kọ hablo, hablas, habla, hablamos, hablan (sọ̀rọ̀), kí n wá rí i pé como, comes, come, comemos, comen (jẹun) ń rìn lójú ọ̀nà kan náà. Ọkàn mi á balẹ̀. Àkáǹtì ni iṣẹ́ mi, bóyá ìyẹn ló fà á.

Mo sì ń múra ìdánwò DELE sílẹ̀, ìyẹn ìdánwò ìwé ẹ̀rí Sípáníìṣì. Instituto Cervantes tí ìjọba Sípéènì dá sílẹ̀ ní 1991 ló ń bójú tó o, ó bẹ̀rẹ̀ láti A1, ó sì gùn dé C2. Ìyá Bọ́lú, ẹ wo ohun tí wọ́n ń béèrè ní A1: orúkọ, ìdílé, ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Ìyẹn ti tó bá àna sọ̀rọ̀. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe ìdánwò, àmọ́ ó dáa kéèyàn mọ ibi tí ọgbà parí sí.

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́ fún yín o. Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ lédè fi Sípáníìṣì sí ara àwọn tó rọrùn jù fún ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, nǹkan bíi wákàtí 600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú kíláàsì ni wọ́n kà fún un. Ẹni tó bá ní ẹ ó gbọ́ ọ yékéyéké lóṣù mẹ́ta, ọjà ló ń tà.

Ọmọ_Ẹkímọgùn

Mo ti délé. Wákàtí 600! Mummy, ṣé ẹ fẹ́ kí Mama sá lọ ni?

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yín ló gbe tiwa lẹ́sẹ̀. Ọ̀nà tó bá gùn tó bẹ́ẹ̀, ta ló lè fi ipá rìn ín? Wọ́n ń sanwó oṣù fún àwọn aṣojú Amẹ́ríkà yẹn kí wọ́n lè jókòó síbẹ̀. Àwa ń padà bọ̀ láti ibi iṣẹ́, kò síná, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú. Tí nǹkan náà ò bá dùn, a ò ní dé wákàtí ogún.

Tèmi ni pé kí ẹ má ka ọjọ́. Áàpù tó ń ka ọjọ́ tẹ́ ẹ ti ṣe é láìdánu dúró, ó máa ń mú kéèyàn ṣe é nítorí kíkà yẹn. Ọjọ́ tí kíkà yẹn bá já, ìfẹ́ náà á bá a lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ yín. Ẹ ó rí i pé lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yin lẹ ó máa wá a.

Kọ́lá_FUTA

Mo gbà pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ọpọlọ wa máa ń gbàgbé o. Hermann Ebbinghaus ará Jámánì ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1885 pé ohun téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, kíákíá ló ń jò dànù tí kò bá tún un wò. Mò ń lo áàpù Anki, ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà àti lórí Android. Á gbé ọ̀rọ̀ padà wá bá mi nígbà tí mo bá fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Àṣírí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí mo bá pàdé níta ni mo ń fi síbẹ̀, mi ò kì í lo àkójọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Bí Àǹtí bá fi “manga” síbẹ̀, á rí apá aṣọ lójú ọkàn rẹ̀. Èmi ò ní rí nǹkan kan.

Tí ẹ bá fẹ́ olùkọ́ tí ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ilé, ẹ wá Language Transfer. Ohùn lásán ni, kò sí ìwé, kò sí iṣẹ́ àmúrelé, kò sì náni lówó. Ẹnì kan ń kọ́ ẹnì kan, ẹ̀yin ń dá sí i. Ẹ gbà á sórí fóònù lóru nígbà tí dátà bá rọ̀.

Kòkó_Ìdànrè

Èmi kò mọ gírámà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò wá ìwé ẹ̀rí. Oko kòkó ni mò ń ṣe. Àwọn ará Ecuador ń gbin kòkó lọ́pọ̀lọpọ̀, Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì ń gbé gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe lóko sórí fídíò. “Poda” ni gígé ẹ̀ka, “injerto” ni lílẹ ẹ̀ka igi kan mọ́ òmíràn, “mazorca” ni odindi èso kòkó. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ “mazorca negra”, mi ò nílò ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀. Àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú nígbà òjò, tó ń jẹ wá lówó lọ́dọọdún, òun náà ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gé èso náà sí méjì, ó fi ìka fa inú rẹ̀, ó mirí. Mo bá a mirí.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ fún ẹni tó bá ní èdè òkè òkun lásán ni. Equatorial Guinea, níhìn-ín nínú òkun wa, Sípáníìṣì ni èdè ìjọba wọn. Sípéènì ló ṣàkóso wọn títí di 1968. Erékùṣù wọn tí wọ́n ń pè ní Fernando Po nígbà náà, tó di Bioko, àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ tó lọ ṣiṣẹ́ lóko kòkó ibẹ̀. Àgbà kan lọ́dọ̀ wa máa ń sọ “mañana”, ìyẹn “ọ̀la”, tó bá fẹ́ sún gbèsè síwájú. Mi ò mọ ibi tó ti gbọ́ ọ.

Ọbanlá_Madrid

Ẹ kú alẹ́ láti Madrid. Ọbanlá ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mama, ṣé Valencia lẹ pè é? Ẹ jókòó.

Èdè méjì ni ìjọba fọwọ́ sí níbẹ̀, Sípáníìṣì àti Valencià. Tí àna yín bá ní “bon dia” dípò “buenos días”, ẹ má rò pé ẹ̀kọ́ yín ti dànù. Èdè ilé rẹ̀ ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ẹ dá a lóhùn lọ́nà kan náà, inú rẹ̀ á dùn.

Ẹ wá béèrè ọ̀rọ̀ horchata lọ́wọ́ rẹ̀. Òfio ni wọ́n fi ń ṣe é! Òfio yìí kan náà tí àwọn ará Òkè Ọya ń fi bárò tì kiri Ọjà Ọba. “Chufa” ni wọ́n ń pè é. Ní Alboraya, ẹ̀gbẹ́ Valencia níbẹ̀, oko rẹ̀ ni ẹ ó máa rí. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi ṣúgà sí i, wọ́n á mu ún ní tútù nígbà ooru. Ẹni tó bá ti mu kunu aya rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ sọ gbólóhùn yìí fún un: “Aquí también tenemos chufas.” Àwa náà ní òfio níbí. Kẹ́ ẹ rí i pé fóònù yín ní iná o, torí èèyàn Valencia kì í sọ ọ̀rọ̀ horchata níwọ̀nba.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ wá ńkọ́? “Usted” ni “ẹ”, “tú” ni “o”. Àwa Yorùbá, usted ló máa ń wá sí wa lẹ́nu kíá, kò sì burú kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ní Sípéènì, wọn kì í pẹ́ nídìí rẹ̀. Tí àna yín bá ní “tutéame”, ó ní kẹ́ ẹ máa fi “o” bá òun sọ̀rọ̀ ni. Ìyàwó ọmọ yín náà lè máa fi tú bá yín sọ̀rọ̀. Kò rí yín fín o! Bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀yàyà hàn nìyẹn. Tó bá jẹ́ Kòlóḿbíà ni, ọ̀tọ̀ ni, ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ń fi usted bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ó ku ẹyọ kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ ọjọ́ orí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ohun tó wà lórí “ñ”. “Tengo cincuenta y ocho años.” Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di “anos”, ihò ìdí lẹ̀ ń kà.

Àǹtí_Tẹ́lọ̀_Oǹdó

😂😂😂 Mo ń rán aṣọ lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ ti gún mi.

Oníṣẹ̀ṣe_Àkúrẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ràn ìṣẹ̀ṣe, kó kọrí sí Kúbà. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Títí dòní, Changó, Yemayá, Ochún àti Obatalá wà lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń sọ babalao, iyawó, ebbó, aché láàárín Sípáníìṣì. Mo máa ń tẹ́tí sí àwọn àgbà wọn lórí ayélujára. Tí ọ̀rọ̀ bá sá mọ́ mi lọ́wọ́, tiwa kan á yọ jáde, màá sì mọ ibi tí ìtàn dé. Ní 4 December, ọdún Santa Bárbara, tó jẹ́ Changó lójú wọn, àti 17 December, ọdún San Lázaro, ìyẹn Babalú Ayé, fídíò máa ń kún fọ́fọ́.

Kò dáa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ṣá. Àwọn ará Kúbà ń yára sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń gbé “s” ìparí ọ̀rọ̀ mì.

Ìyá_Ìjọ

Ọ̀nà tèmi yàtọ̀ sí ti ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú, àmọ́ ọgbọ́n rẹ̀ bára mu. Sáàmù tẹ́ ẹ ti mọ̀ lórí látìgbà èwe, ẹ kà á nínú Bíbélì Sípáníìṣì. Ẹ ti mọ ohun tó ń bọ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Alhaji_Àràkàlẹ̀

Ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹ bá mi gbọ́ o. Látọdún 711 ni àwọn Mùsùlùmí ti wọ ilẹ̀ Sípéènì, 1492 ni Granada tó bọ́ lọ́wọ́ wọn. Èdè Lárúbáwá wọ inú èdè wọn gan-an: azúcar ni ṣúgà, aceite ni òróró, almohada ni ìrọ̀rí. Tẹ́nì kan bá ń gbàdúrà kí nǹkan rí bẹ́ẹ̀, á ní “ojalá”. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ ó gbọ́ Allah nínú rẹ̀. Ọmọ mi ló fi hàn mí, láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọdẹ ọ̀rọ̀ tó fi “al” bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ Lárúbáwá, ìyẹn gan-an ló sì mú kí ọdẹ náà dùn.

ÌyáBọ́lú_Alágbàká

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti sọ ọ̀rọ̀ òfio yẹn o!

Ó pariwo. Ó dìde kúrò níwájú kámẹ́rà, mo rò pé mo ti sọ nǹkan tí ò dáa, àfi bó ṣe gbé ìgò kan wá látinú fíríìjì, tó da horchata sínú ife, tó gbé e sókè sí mi. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò mí, kò dákẹ́. Mi ò gbọ́ ju “sí” àti “azúcar” lọ. Alhaji, ẹ ṣeun fún azúcar.

Kí ni mo lè sọ láti dín eré rẹ̀ kù láìyájú? Ọmọ mi kì í fẹ́ túmọ̀ mọ́, ó ní a ti ń ṣe dáadáa.

Ọbanlá_Madrid

“Más despacio, por favor.” Kó rọra máa sọ ọ́. “¿Otra vez?” Kó tún un sọ. Tí ọ̀rọ̀ kan bá yọ nínú ohun tó sọ, tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ bi í pé “¿Qué significa?” Wọn kì í kà á sí àìmọ̀wàáhù, ó ń fi hàn pé ẹ̀ ń gbọ́ ni.

Ẹ tún lè máa gbé nǹkan síwájú kámẹ́rà. Ẹ gbé iṣu sókè, kẹ́ ẹ ní “¿Cómo se llama esto?” Tó bá mọ̀ ọ́n, á ní “ñame”. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin lẹ ó kọ́ ọ. Ẹ̀gẹ́ ni “yuca”. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀gẹ̀dẹ̀: ní Sípéènì, “plátano” ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ àgbagbà, “plátano macho” ni.

Tísà_Àgbà

Kẹ́ ẹ sì má jẹ́ kí ọmọ yín dá sí i. Iwájú ọmọ ẹni ni ojú máa ń tini jù láti ta kókó ọ̀rọ̀.

Àǹtí_Tẹ́lọ̀_Oǹdó

Ẹni tí ò ní àna ńkọ́? Ẹnì kan ní kí n lọ sórí àwọn áàpù tí wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ èdè.

Kọ́lá_FUTA

Ó dáa, Àǹtí, àmọ́ àwọn tó ń wá ìyàwó àtàwọn tó ń wá owó wà níbẹ̀. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ḿbà fóònù, ẹ má sì ka ẹni tó bá kọ́kọ́ pè yín ní “mi amor”, ìyẹn “olólùfẹ́ mi”, sí èèyàn gidi. Kẹ́ ẹ wá ẹni tó ń ránṣọ bíi tiyín, kẹ́ ẹ máa fi ohùn ránṣẹ́ síra yín lórí iṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀rọ̀ ò ní tán.

Ọmọ_Ẹkímọgùn

Àbí ká dá tiwa sílẹ̀? Mo lè ṣí ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé, aago márùn-ún, kí kálukú fi ohùn ránṣẹ́ ní Sípáníìṣì, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ torí dátà. Oúnjẹ ni kó jẹ́ ti àkọ́kọ́: kí lo sè lónìí? Òfin kan ṣoṣo ni mo ní, pé kẹ́nikẹ́ni má ṣe já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹlòmíì lẹ́nu. Kí Tísà tún ti gbogbo wa ṣe lẹ́yìn tá a bá parí.

Balógun_Bọ́ọ̀lù

Aago márùn-ún Sátidé? Bọ́ọ̀lù ń lọ lọ́wọ́ nígbà yẹn o. Ẹ sún un sọ́jọ́ Àìkú.

Ìyá_Ìjọ

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn. Aago mẹ́rin.

ÌyáBọ́lú_Alágbàká

Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀wà ni mo máa sè lọ́jọ́ náà. Ẹ má sọ fún mi, mo ti wá a: “frijoles”.

Ọbanlá_Madrid

Tàbí “alubias”. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ níbí ju ti Mẹ́síkò lọ. Àna yín á gbọ́ méjèèjì.

Alhaji_Àràkàlẹ̀

“Al”! Lárúbáwá ni!

Mummy_Ìjàpọ̀

Aago mẹ́rin ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀-ìṣe mi o. Ó dáa, màá wá. Àmọ́ màá gbé ìwé mi dání, kẹ́nikẹ́ni má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.